Báwo ni òkúta líle ṣe ń di òkúta mìíràn láìyọ́?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama gbé ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ wá bá òun. Ìwé náà sọ pé irú òkúta mẹ́ta ló wà, igneous, sedimentary àti metamorphic. Wọ́n ya òbìrípo kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ọfà sì ń tọ́ka láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ọmọ náà bi í pé: "Bí irú kan bá lè di irú kejì, kí ló wá sọ ọ́ di irú?" Òbí náà fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un: "Wọ́n ní metamorphic kì í yọ́ kó tó yí padà. Báwo ni ohun tó le tó òkúta ṣe ń di nǹkan mìíràn láìyọ́? Ta ló sì wà níbẹ̀ tó rí i?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì bá mi kí ọmọ náà. Ìbéèrè tirẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí ẹni tó bá dáhùn ún ti dáhùn ìdajì tiyín.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ohun tí òkúta jẹ́, àfi bíi pé ẹ̀yà mẹ́ta tí kò lè pàdé ni wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkúta gbẹ̀yìn ni orúkọ náà ń sọ. Èyí tó ti yọ́ rí, tó wá tutù tó sì dì, òun ni igneous. Òkúta iná ni n ó máa pè é níhìn-ín. Èyí tí omi, afẹ́fẹ́ tàbí yìnyín wọ́ jọ, tàbí tó sílẹ̀ látinú omi, tó wá lẹ̀ mọ́ra, òun ni sedimentary, òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Èyí tí ooru àti ìfúnpọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ká mọ́ ibi tó le sí, tí wọ́n tún inú rẹ̀ tò láìjẹ́ pé ó yọ́, òun ni metamorphic, òkúta àyípadà. Nítorí náà òkúta kan lè jẹ́ òkúta iná lónìí, kí ohun mìíràn dé bá a lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kí orúkọ rẹ̀ sì yí padà, bẹ́ẹ̀ èròjà inú rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù lọ lórí èyí wà ní Jack Hills, ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn tí omi kó jọ ní nǹkan bíi 3 bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni àpáta ibẹ̀, kí ooru abẹ́ ilẹ̀ tó wá bá a jà lẹ́yìn náà. Nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí hóró èròjà kan tó ń jẹ́ zircon, tí kò tó ìdajì mìlímítà, tí ọjọ́ orí àwọn kan nínú wọn tó 4.4 bílíọ̀nù ọdún. A kò tíì rí ohun kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ tó dàgbà jù wọ́n lọ. Inú òkúta yíyọ́ tó ń tutù ni irú zircon bẹ́ẹ̀ ti ń dì. Nítorí náà hóró kékeré yẹn ti gbé inú òkúta iná rí. Òkúta iná náà fọ́ túútúú, omi wọ́ hóró náà lọ, ó bọ́ sínú òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, èyí náà sì di òkúta àyípadà, hóró ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó ti gba ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, kò sì yẹ̀ kúrò ní zircon. Ẹ fi èyí hàn ọmọ náà kí ẹ tó fi àwòrán òbìrípo yẹn hàn án.

Ní báyìí, òkúta iná. Òkúta yíyọ́ tó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ là ń pè ní magma. Bó bá tú jáde, ó di lava. Lava òkè Kīlauea ní Hawaii máa ń gbóná tó bíi 1,150°C. Bó bá ti kan afẹ́fẹ́ tàbí omi òkun, kíákíá ló ń dì, àwọn èròjà inú rẹ̀ kò sì ráyè wá ara wọn kàn. Hóró wọn á kéré débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Basalt nìyẹn, òkúta dúdú tó tẹ́ ìsàlẹ̀ òkun káàkiri ayé. Irú lava kan wà tó ki, tó kún fún silica, èròjà tí iyanrìn funfun fi ṣe ara. Bí òun bá tutù kíákíá, hóró kankan kò ní jọ rárá, yóò di obsidian, dígí gidi tí ẹnikẹ́ni kò yọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń hó jáde nínú rẹ̀ bó ṣe ń dì, pumice ló máa dà, òkúta tó fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lójú omi.

Gíránáìtì, akọ òkúta tí gbogbo wa mọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ti dì. Ilẹ̀ tó bò ó kò jẹ́ kí ooru rẹ̀ tètè jáde. Bí magma náà bá pọ̀, ó lè gbà á ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tutù tán. Èròjà kọ̀ọ̀kan á wá ráyè kó ara rẹ̀ jọ. Ẹ wo ojú gíránáìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ẹ ó rí quartz tó mọ́ gaara tàbí tó rí bí eérú, feldspar funfun tàbí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àti mica dúdú tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Hóró ńlá, ó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Hóró wẹ́wẹ́, ó tutù wéré. Magma kan náà tó máa di basalt bó bá jáde síta, gabbro ló máa dà bó bá dì sísàlẹ̀. Èyí tó di gíránáìtì, rhyolite ni ìbá jẹ́ ká ní ó rí ọ̀nà jáde. Bí gíránáìtì bá wá yọrí sókè lójú ilẹ̀ lónìí tó ga fíofío, ohun tó ń sọ fún wa ni pé ọ̀pọ̀ kìlómítà òkúta tó bò ó mọ́lẹ̀ nígbà kan rí ni òjò àti odò ti họ dànù. Kì í sú mi láti máa ro ibi tí gbogbo ẹrù yẹn gbà lọ.

Ibì kan wà tí àwòrán inú ìwé ti ń ṣi ọmọ lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe ká tó kọjá. Wọ́n máa ń kun abẹ́ ilẹ̀ ní pupa, àfi bíi pé orí adágún iná la dúró lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo ayé nípọn tó bíi 35 sí 40 kìlómítà lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì tó bíi 7 kìlómítà péré lábẹ́ òkun. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òkúta líle ló ṣì wà títí dé nǹkan bíi 2,900 kìlómítà. Ó gbóná kọjá àlà. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ìbá ti yọ́ ọ ká ní orí ilẹ̀ ló wà. Àmọ́ ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ fún un pọ̀ débi pé kò ráyè yọ́. Kí ó tó lè yọ́, nǹkan gbọ́dọ̀ yí padà. Ó lè jẹ́ pé òkúta gbígbóná náà ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní líle rẹ̀, tí ìfúnpọ̀ orí rẹ̀ sì ń dín kù: apá kan rẹ̀ á yọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ooru kún un. Bí basalt ìsàlẹ̀ òkun ṣe ń wáyé nìyẹn, níbi tí awẹ́ èèpo ayé méjì ti ń ya kúrò lára wọn. Orí irú ibẹ̀ ni Iceland jókòó sí. Ó sì lè jẹ́ omi. Níbi tí awẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ti ń rì wọ abẹ́ òmíràn, bíi lábẹ́ Japan àti lábẹ́ àwọn òkè Andes, omi tó há sínú òkúta tó ń rì náà máa ń yọ jáde sínú òkúta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀, òkúta tó sì ti mu omi ń tètè yọ́ ju èyí tó gbẹ lọ. Tàbí kẹ̀, kí magma tó ti yọ́ níbòmíràn wá jókòó sábẹ́ òkúta tó tutù jù ú lọ, kó sì yọ́ òun náà. Ní ọdún 1958, àwọn onímọ̀ àpáta méjì, Tuttle àti Bowen, tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde: bí omi bá wà tí ìfúnpọ̀ sì tó, èròjà gíránáìtì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bíi 650 sí 700°C, ooru tí basalt gbígbẹ kò ní kà sí rárá. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a máa tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò ní awo púpọ̀, nítorí ojú ayé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Omi òjò máa ń gba díẹ̀ lára carbon dioxide inú afẹ́fẹ́, ó sì ń kan díẹ̀. Omi kíkan yìí ló ń jẹ feldspar títí yóò fi di amọ̀. Quartz kò gbà fún un. Ó kàn ń bọ́ sílẹ̀ ní odindi ni, òun ló pọ̀ jù nínú iyanrìn etí òkun àti ti aṣálẹ̀. Odò ń kó àwọn méjèèjì lọ. Níbi tó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ló ń sọ iyanrìn kalẹ̀, ó di ibi tó pa rọ́rọ́ kó tó sọ ẹrẹ̀ kalẹ̀. Ìpele ń gun ìpele, ti ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀, omi inú rẹ̀ ń jáde, èròjà tó yòrò nínú omi náà sì ń dì sáàárín àwọn hóró, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Iyanrìn di òkúta iyanrìn. Ẹrẹ̀ di shale, òun nìkan sì ju ìdajì gbogbo òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àfọ́kù òkúta nìkan ló ń jọ báyìí o. Ìkarawun àti egungun àwọn ẹ̀dá inú òkun ló di èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta ẹfun. Ẹfun àwọn bèbè funfun Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àwo ara àwọn ẹ̀dá tí ojú kò lè rí láìsí ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi. Òkun Mẹditaréníà pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà kan, ní nǹkan bíi 6 sí 5.3 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, iyọ̀ tó sì fi sílẹ̀ nípọn ju kìlómítà kan lọ níbòmíràn. Ó ṣì wà lábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun náà títí dòní.

A ti dé ibi tí ìbéèrè yín wà gan-an: báwo ni ohun líle ṣe ń yí padà láìyọ́?

Ẹ wo amọ̀ tí amọ̀kòkò fi mọ ìkòkò. Bó ṣe wọnú iná, kò yọ́. Bó bá yọ́ ni, ìkòkò á wó lulẹ̀. Síbẹ̀ ohun tó jáde kì í ṣe amọ̀ mọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọdún kan gbáko, kò ní padà di ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ ti tò lọ́nà mìíràn, omi tó wà nínú èròjà rẹ̀ sì ti bá iná lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí shale lábẹ́ ilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìfúnpọ̀ wà pẹ̀lú ooru níbẹ̀, àkókò sì pọ̀ lọ súà. Bí a bá ṣe ń wọlẹ̀ lọ nínú èèpo ayé, ooru ń fi nǹkan bíi 25 sí 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun líle, átọ́mù kò dúró sójú kan gbagidi. Ooru ń mì wọ́n, wọ́n sì ń ṣí kúrò láyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ní etí hóró kọ̀ọ̀kan, níbi tí omi tín-ín-rín wà tó ń gbé wọn láti ibì kan lọ síbòmíràn. Lórí ilẹ̀ níbí, ìṣípò náà kéré débi pé kò jọ nǹkan kan. Ní 400°C, pẹ̀lú mílíọ̀nù ọdún lọ́wọ́, ó tó láti tú hóró kan palẹ̀ kó sì fi èròjà rẹ̀ kọ́ òmíràn. Ní àkókò kankan, kò sí ìgbà tí òkúta náà ṣàn bí omi. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ inú rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koránkorán.

Shale ló máa ń fi èyí hàn kedere jù. Bó bá kọ́kọ́ rí ooru, bíi 200 sí 300°C, amọ̀ inú rẹ̀ á di mica wẹ́wẹ́, àwọn mica náà á sì dùbúlẹ̀ ní ìdábùú ibi tí ìfúnpọ̀ ti ń wá, nítorí ibẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti dàgbà sí. Slate nìyẹn. Òun ló ń là pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, tí wọ́n sì fi ṣe pátákó ìkọ̀wé láyé ọjọ́un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ibi tí ìpele ẹrẹ̀ àtijọ́ wà ló ń là sí, àmọ́ ibi tí mica tò sí ni, ó sì lè gba àárín ìpele àtijọ́ kọjá ní ìdábùú. Bí ooru bá tún lé sí i, mica á tóbi débi tí ojú á fi rí i tó ń dán, èròjà pupa kan tó ń jẹ́ garnet á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀. A ní schist. Lẹ́yìn ìyẹn ni gneiss, tí èròjà funfun àti dúdú rẹ̀ ti ya ara wọn sọ́tọ̀ ní ilà-ilà. Ibẹ̀ la ti bá nọ́ńbà tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn pàdé. Bí gneiss bá dé 650 sí 700°C tí omi sì wà nínú rẹ̀, apá funfun rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ́, torí èròjà tirẹ̀ ló súnmọ́ ti gíránáìtì. Àpáta tó wà ní ààlà yìí, tí apá kan rẹ̀ yọ́ tí apá kan kò yọ́, migmatite la ń pè é. Kò jẹ́ òkúta iná pátá, kò sì jẹ́ òkúta àyípadà pátá. Ọ̀rẹ́ mi ni, nítorí òun ló máa ń tú àwọn tó fẹ́ràn ìpín mẹ́ta gédégédé láṣìírí.

Òkúta ẹfun àti òkúta iyanrìn kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Èròjà kan ṣoṣo ló pọ̀ jù nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà hóró kéékèèké kàn ń wọnú ara wọn di ńlá ni. Òkúta ẹfun di mábù. Òkúta iyanrìn di quartzite. Mábù Carrara ní Ítálì, tí Michelangelo gbẹ́ ère Dáfídì rẹ̀ lára rẹ̀, ẹfun ìsàlẹ̀ òkun ni kó tó di ohun tí wọ́n ń gbẹ́.

Ẹ lè wá bi mí pé: bí ooru bá lè sọ shale di gneiss, kí ló dé tí gneiss kò padà di shale nígbà tó bá gòkè wá síbi tó tutù? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ omi. Bí òkúta ṣe ń gbóná, omi inú amọ̀ àti mica rẹ̀ ń sá jáde, kì í sì padà wá. Láìsí omi tó máa gbé átọ́mù kiri, pẹ̀lú ooru tó ti lọ sílẹ̀, iṣẹ́ náà dúró. Òkúta náà á gòkè wá tòun ti ohun tí ìsàlẹ̀ fi ṣe é. Ọpẹ́ ni fún àwa onímọ̀ àpáta, àbí kí là bá máa kà?

Ta ló wá rí i? Ẹnikẹ́ni kò wọ ìsàlẹ̀ 20 kìlómítà lọ wò ó, ìyẹn dájú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n ló fani mọ́ra. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, Abraham Werner, tó ń kọ́ni ní Freiberg ní ilẹ̀ Jámánì, gbà pé inú òkun àtijọ́ kan ni gíránáìtì àti basalt pàápàá ti sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ̀ ní Yúróòpù. James Hutton, ará Scotland, kò gbà. Ní ọdún 1785, ní Glen Tilt, ó rí ibi tí gíránáìtì ti ya wọ inú schist ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ohun tó sílẹ̀ látinú omi kò lè gba inú òkúta tó ti wà ṣáájú rẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé gíránáìtì náà yọ́ nígbà tó wọ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sir James Hall, fẹ́ dán an wò nínú iná, ṣùgbọ́n Hutton kò fẹ́ràn kéèyàn máa fi ohun tó rí nínú ìkòkò kékeré ṣèdájọ́ gbogbo ayé. Hall ní sùúrù. Lẹ́yìn tí Hutton kú ní 1797 ló tó gbé àbájáde tirẹ̀ síta. Ó yọ́ basalt: bó bá mú kó tutù kíákíá, ó di dígí, bó bá jẹ́ kó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún di òkúta oníhóró. Ó tún ki ẹfun sínú agba ìbọn, ó dí i pa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má lè jáde, ó sì fi í sínú iná. Àwọn agba ìbọn kan bẹ́. Nínú àwọn tí kò bẹ́, ó bá òkúta líle tó ń dán, tó jọ mábù.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni George Barrow, onímọ̀ àpáta, tó rin àwọn òkè Scotland títí, tó sì gbé àlàyé kan jáde ní 1893. Ó rí i pé bí òun ṣe ń rìn gba inú òkúta tó jẹ́ ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, èròjà kan ń yọ lẹ́yìn òmíràn ní ìtòtẹ̀léra, ó sì lóye pé ooru tó ń ga sí i ni òun ń tẹ̀ kọjá. Lónìí, a lè fi nọ́ńbà sí i. Èròjà mẹ́ta kan wà, andalusite, kyanite àti sillimanite, tí ohun tó wà nínú wọn kò yàtọ̀ rárá: aluminium, silicon àti oxygen, ní ìwọ̀n kan náà. Ìtò wọn nìkan ló yàtọ̀. Andalusite ń yọ níbi tí ìfúnpọ̀ kéré, kyanite níbi tí ìfúnpọ̀ pọ̀, sillimanite níbi tí ooru ga. Nínú ilé àyẹ̀wò, ojú kan ṣoṣo tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè jọ wà pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 500°C, ní ìfúnpọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú bíi kìlómítà 15 nísàlẹ̀. Nítorí náà bí mo bá rí kyanite nínú òkúta lọ́wọ́ mi, mo mọ irú ibi tó ti dé rí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bá a débẹ̀.

Bí ọmọ náà bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lójú kan, ẹ ní kó lọ kà nípa òkè Everest. Góńgó rẹ̀, tó ga ní mítà 8,849, òkúta ẹfun ni, tó ní àfọ́kù àwọn ẹ̀dá òkun tó ti wà láyé ju 440 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Díẹ̀ sísàlẹ̀ góńgó náà ni àwọn agunkè ń gba orí ìgbànú àpáta aláwọ̀ ìyeyè kan kọjá: òkúta ẹfun tó ti di mábù ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni schist wà, lẹ́yìn náà gneiss, gíránáìtì funfun sì gba inú wọn ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ìkọlù Íńdíà pẹ̀lú Éṣíà ló ti àwọn òkúta ìsàlẹ̀ wọ inú ooru títí apá kan wọn fi yọ́, ní nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun tó yọ́ náà ló sì di gíránáìtì ọ̀hún. Mi ò ní tàn yín o: ilẹ̀ ti yẹ̀ láàárín àwọn ìpele yìí, wọ́n kò jókòó sórí ara wọn bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ èmi kò mọ òkè mìíràn tó to ẹ̀kọ́ yìí jọ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwòrán òbìrípo tó wà nínú ìwé, kò burú, àmọ́ ó ń jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo òkúta ń yí po ní ọ̀nà kan náà, títí láé. Púpọ̀ nínú wọn kì í yí po rárá. Basalt ìsàlẹ̀ òkun ń padà rì wọ abẹ́ ilẹ̀ láìtíì di iyanrìn rí, ìdí sì nìyẹn tí èyí tó ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ fi ṣọ̀wọ́n nísàlẹ̀ òkun. Gíránáìtì mìíràn ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ́ sí gneiss tààrà. Òkúta iyanrìn púpọ̀ ń fọ́ padà di iyanrìn, kó tún di òkúta iyanrìn. Gneiss Acasta ní àríwá Kánádà sì ti wà níbẹ̀ láti bíi 4 bílíọ̀nù ọdún, kò yọ́, kò fọ́ tán.

Àwọn òkúta kan tún wà tí ìpín mẹ́ta náà kò bá lára mu. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1963, òkè ayọnáyèéfín kan bẹ́ nínú òkun létí Iceland, ó sì di erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Surtsey. Eérú ló kọ́kọ́ kó jọ. Láàárín ọdún díẹ̀, omi gbígbóná àti oru inú rẹ̀ ti lẹ apá púpọ̀ nínú eérú náà pọ̀ di òkúta tó le, tí wọ́n ń pè ní tuff. Iná ló bí i, àmọ́ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ṣe balẹ̀. Àwọn kan ń kà á mọ́ òkúta iná, àwọn kan mọ́ ìkejì. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé èèyàn ló fojú ara wọn rí bí òkúta ṣe wáyé, láti orí eérú títí dé líle. Ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn sí "ta ló rí i?"

Tí ọmọ náà bá fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ òkúta wò, kó fi ọ̀bẹ irin ha á. Irin kò lè ha quartz, nítorí náà quartzite àti gíránáìtì á fojú di ọ̀bẹ náà. Mábù àti òkúta ẹfun kò ní lè kò ó lójú. Kó kán fíníìgà sórí èyí tí ọ̀bẹ bá ha: bó bá hó, èròjà ẹfun wà nínú rẹ̀, bó sì jẹ́ pé fíníìgà kò lágbára tó, kó kán an sórí ìyẹ̀fun tí ọ̀bẹ ha jáde. Láti mọ òkúta iyanrìn yàtọ̀ sí quartzite, kó wo ibi tó fọ́ sí. Òkúta iyanrìn ń fọ́ gba àárín hóró sí hóró, ojú rẹ̀ á sì máa họ ọwọ́; quartzite ń fọ́ gba inú hóró kọjá, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Bí èròjà bá tò ní ilà, kó ronú gneiss. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri láìní ìtò, kó ronú gíránáìtì. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni kó máa wò nígbà gbogbo, torí òjò àti oòrùn ti pa ojú òde dà. Kó bo ojú rẹ̀ kó tó fi òòlù kan òkúta kankan o, èéfọ́ rẹ̀ kì í mọ ẹni tó ń kàwé.